Orúkọ Tó Wà Lára Òkúta Ajá

Darjeeling,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹwàá, 1997.

Nirjala ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù Glasgow ò tíì sọ ọ́ di yìnyín? Níbí, a dúpẹ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ti bí, obìnrin ni, orí rẹ̀ gùn bíi ti bàbá rẹ. Àwọn ọ̀bọ jẹ gbogbo ẹ̀fọ́ tí mo sá sórí òrùlé láti fi ṣe gundruk, mo sì ti ṣépè fún wọn dáadáa. Àjọ̀dún Dasain ti kọjá. A ò fi ìrẹsì pupa sí iwájú orí ẹnikẹ́ni nílé wa, nítorí ọdún ikú bàbá rẹ ò tíì pé, aṣọ funfun ṣì wà lára mi.

Ìkíni ti tó. Inú mi ń hó, Nani, ọmọbìnrin mi, ìyẹn ni mo ṣe mú bírò.

O mọ̀ pé ọdún méjìlélógún ni bàbá rẹ fi mú àlejò rìn ká Ilé Fernlea, ilé àtijọ́ ti òyìnbó olóko tíì. O mọ bó ṣe máa ń ṣe é: yàrá tí wọ́n ti ń ta ayò, ilé ìdáná, òkúta ajá tí òyìnbó gbé sórí ibojì ajá wọn, lẹ́yìn náà àtẹ̀gùn. Tó bá dé orí àtẹ̀gùn, á bọ́ fìlà. Á ní, "Ọdún tí òkè ya, tí ẹrẹ̀ gbé ilé àwọn òṣìṣẹ́ lọ, ọkùnrin kan gbé Ìyáàfin Lorrimer, ìyàwó olóko tíì, lé ẹ̀yìn lórí àga, láti ìsàlẹ̀ odò títí dé ibi tí ẹ dúró sí yìí. Sancharman Rai lorúkọ rẹ̀. Bàbá bàbá mi ni." Àwọn ará Kolkata tó wé gbogbo orí mọ́ fìlà onírun á pàtẹ́wọ́.

Gbogbo ọdún yẹn, ta ló jókòó sẹ́nu géètì tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì? Padamlal ni. Mit bàbá rẹ! Ẹni tí wọ́n fi òdòdó àti ìrẹsì so pọ̀ mọ́ ọn láti kékeré, tó ju ọmọ ìyá lọ, tí kò gbọdọ̀ pe bàbá rẹ lórúkọ títí ikú, àfi mit-jyu, tí bàbá rẹ náà ò sì gbọdọ̀ pe tirẹ̀. Rai lèyí, Chhetri lọ̀hún, ìran wọn yàtọ̀, síbẹ̀ ohun tí bàbá bàbá tiwọn náà ṣe nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀ mọ́. Padamlal jókòó, ó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, ó ń gbọ́, kò wí nǹkan kan. Oṣù kan péré ṣáájú ikú bàbá rẹ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lanu. Bàbá rẹ wálé lọ́jọ́ náà, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó ní, "Mit pè mí ní òpùrọ́." Kò tún rẹ́rìn-ín mọ́ títí a fi gbé e lọ sin sórí òkè.

Bí mit ẹni bá kú, èèyàn á fá orí, kò ní í jẹ iyọ̀ fún ọjọ́ mẹ́tàlá. Ṣé Padamlal fá orí? Irun rẹ̀ ń dán fún òróró músítádì! Wọ́n sì gbé ipò bàbá rẹ fún un. Ó gun àtẹ̀gùn, ó bọ́ fìlà gan-an bí bàbá rẹ ṣe máa ń bọ́ ọ, ó ní, "Ranadhoj Chhetri ló gbé e. Bàbá bàbá mi ni. Rai kan wà níbẹ̀, àmọ́ ó sá."

Ó sá! Ọ̀já iwájú orí tí Sancharman fi gbé obìnrin yẹn ń bẹ lórí ògiri mi níbí, òógùn orí rẹ̀ ṣì wà lára awọ rẹ̀.

Ní oṣù Kẹrin tó ń bọ̀, ìgbìmọ̀ ilé fẹ́ gbé pátákó onírin kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kí gbogbo ayé máa kà á. Orúkọ Ranadhoj ni wọ́n fẹ́ kọ. Ọ̀gbẹ́ni Subba tó jẹ́ alága sọ fún mi pé, "Ìyá, àfi tẹ́ ẹ bá mú ẹ̀rí wá." Ó dáa. Ní itẹ́ òkú òyìnbó, wọ́n kọ ọ́ sára òkúta ọkọ obìnrin náà pé ará Glenorrin ni, ní Scotland. Ṣebí Scotland lo wà? Lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sunday kan. Béèrè ọ̀dọ̀ àwọn Lorrimer lọ́wọ́ àwọn ará ọjà, wọ́n á júwe fún ọ. Mú ẹ̀rí wá, kí n fi gún Padamlal lójú níṣojú gbogbo ìlú. Mi ò ní í bọ́ aṣọ funfun yìí títí n ó fi rí i kó tẹ́.

Ìyá rẹ,
Dhanmati.


Glasgow,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kọkànlá, 1997.

Ama mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ bá mi gbé ọmọ tuntun jó. Ṣé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín? Ẹ má fi kinema, irú ẹ̀wà sóyà yẹn, àti ata tan ara yín jẹ o, dókítà ní kẹ́ ẹ yéé jẹ iyọ̀ jù. Mo fi àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó nípọn ránṣẹ́, ẹ wọ̀ ọ́, ẹ má tọ́jú ẹ̀ sínú àpótí.

Ama, Scotland kì í ṣe ojúde Chowrasta, tí èèyàn á dúró lójú kan tí á máa béèrè ilé olúkúlùkù. Mo wo àwòrán ilẹ̀, Glenorrin jìnnà gan-an, bọ́ọ̀sì méjì ni. Ọjọ́ Sunday tí ẹ sọ yẹn, mo máa ń wà níbi iṣẹ́.

Ẹ ò tíì béèrè irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe rí. Arúgbó òyìnbó ni mò ń gbé. Mo ń gbé wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, láti orí àga lọ sí ilé ìwẹ̀. Ọ̀kan wà nínú wọn, ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń sọ orúkọ mi fún un ní àràárọ̀. "Ìwọ yẹn" ló ń pè mí. Orí rẹ̀ pé o, ó mọ orúkọ gbogbo ẹyẹ tó ń bà sí ojú fèrèsé rẹ̀.

Nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń jà sí yìí ò yé mi. Ẹ̀yin àti Mitba, mit Bàbá, ń fa ara yín láṣọ ya lórí ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ fi ẹ̀yìn ru òyìnbó bí ẹrù. Ṣé ìyẹn ni ògo? Ká ní èmi ni, n ó ní Chhetri ló gbé e, kí wọ́n máa gbé e lọ.

Ẹ fi Mitba sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Ọmọ yín,
Nirjala.


Darjeeling,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kejìlá, 1997.

Nirjala,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo rí àwọ̀tẹ́lẹ̀ gbà. O ṣeun fún àwọ̀tẹ́lẹ̀.

Kí wọ́n máa gbé e lọ, àbí? Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹni tí a gbé lè máa sọ pé kò sógo nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e, tí eékún rẹ̀ ò tún nà mọ́ títí tó fi kú, kí lo fẹ́ kó fi sílẹ̀ fún ọmọ? Ilẹ̀ ni? Òyìnbó ló ni ín. Ilé ni? Ẹrẹ̀ gbé e lọ. Ìtàn ọjọ́ kan ṣoṣo ló ní, bàbá rẹ sì fi ìtàn yẹn rán ọ lọ sílé ìwé. O wá dé Glasgow, o ní kí wọ́n máa gbé e lọ. O kú iṣẹ́!

Ọlọ́run tó o ní kí n fi í sílẹ̀ fún ń gbọ́ ẹjọ́ ẹlòmíì lọ́wọ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ tèmi.

O mọ àtẹ̀gùn Fernlea, bó ṣe há tó, tí ọ̀gbun wà lápá òsì, tí òkúta ajá wà lápá ọ̀tún. O sì mọ òfin. Ọkùnrin ò gbọdọ̀ fara kan ìyàwó mit rẹ̀, aṣọ rẹ̀ ò gbọdọ̀ kan aṣọ mi, kò gbọdọ̀ wò mí lójú, kò gbọdọ̀ bá mi sọ̀rọ̀ ní tààrà. Nítorí náà, láti ọjọ́ kìíní oṣù yìí, mo ń ra tíkẹ́ẹ̀tì mi bíi ti gbogbo ayé, mo ń gun àtẹ̀gùn, mo ń jókòó sórí ìpele keje, ní àárín gbùngbùn, mo ń hun súwẹ́tà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó dé pẹ̀lú àlejò mẹ́rìnlá. Ó rí mi, ó dúró gbagidi. Ó wo ọ̀gbun, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ọ̀gbun. Ìyá ará Kolkata kan ní, "Mámà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀ fún wa." Mo ní, "Ẹ̀yin lè kọjá, ọmọ mi, àyè yín wà. Òun ni kò lè kọjá." Gbogbo wọn kọjá lára mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun nìkan ló ṣẹ́kù sísàlẹ̀ bí ẹṣin tí wọ́n so mọ́lẹ̀.

Ó wá kọjú sí òkúta ajá. Ṣé o rántí ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀? "Pansy, ọ̀rẹ́ tòótọ́." Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí òkúta yẹn wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Pansy, bá mi bẹ ìyàwó mit-jyu, ẹnu iṣẹ́ ni mo wà."

Èmi náà kọjú sí òkúta. Mo ní, "Pansy, sọ fún un pé mi ò mọ̀ ọ́n. Mit tí ọkọ mi ní, mo mọ̀ pé á fá orí bí ọkọ mi bá kú. Ẹni tó dúró níbẹ̀ yẹn ní irun."

Àlejò ń rẹ́rìn-ín lókè, wọ́n ń ya fọ́tò. Mo bá dìde lórí ìpele mi, mo sọ ìtàn náà fún wọn bí bàbá rẹ ṣe ń sọ ọ́, láti ìsàlẹ̀ odò dé orí àtẹ̀gùn. Ṣé o rò pé ọdún méjìlélógún tó fi ń dánra wò ní ilé ìdáná mi, adití ni mí? Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Padamlal gbọ́ ọ nísàlẹ̀. Etí rẹ̀ pọ́n bí ata.

Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ. Lánàá ó gbìyànjú láti gba ẹ̀gbẹ́ òkè lọ, àárín ẹ̀gún, ó fa ṣòkòtò ya. Adùn ìyẹn ju oyin lọ, Nani. Mo sùn bí ọmọ tuntun.

Ṣùgbọ́n èyí ò dá pátákó dúró. Lọ sí Glenorrin.

Ìyá rẹ,
Dhanmati.


Darjeeling,
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kìíní, 1998.

Nirjala,

A ṣe ọdún bàbá rẹ ní ọjọ́ kẹtàdínlógún. Àwọn ẹbí wá láti Kurseong àti Mirik. Gbogbo wọn ń béèrè pé kí lo kọ. Mo ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ń fi iṣẹ́ ṣeré. Irọ́ ni mo pa nítorí rẹ.

Padamlal ò wá. Ó rán ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ìrẹsì. Mo da ìrẹsì náà fún àwọn ọ̀bọ.

Wọ́n ti kun pátákó náà ní funfun, ó ń gbẹ lẹ́yìn ọ́fíìsì Subba. Mo ti lọ ra agolo ọ̀dà dúdú kan, èyí tó tóbi jù. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i, tí àwọn ọmọ iléèwé bá ń kọrin, tí Padamlal bá wọ kóòtù, n ó da ọ̀dà náà lé orúkọ Ranadhoj, n ó sì da èyí tó bá kù lé irun tó ń dán yẹn. Kí wọ́n wá mú mi. Ọlọ́pàá tó bá fẹ́ mú mi á kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn.

Tí o bá ní nǹkan kan láti sọ, sọ ọ́ kó tó di oṣù Kẹrin. Tí o ò bá ní, ó dáa náà.

Dhanmati.


Glasgow,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kejì, 1998.

Ama mi,

Mo kúnlẹ̀, mo fi orí kan ẹsẹ̀ yín. Ẹ dárí jì mí pé mi ò kọ̀wé nígbà ọdún Bàbá. Kì í ṣe ìgbàgbé. Nǹkan kan wà nínú báàgì mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mi ò mọ̀ bóyá kí n fi ránṣẹ́ sí yín tàbí kí n jó o.

Mo lọ sí Glenorrin.

Bọ́ọ̀sì méjì, bí mo ṣe sọ, àti ẹsẹ̀ rírìn nínú òjò. Mo béèrè lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì ní ọjà, ó júwe fún mi lójú ẹsẹ̀. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, ẹ rí i sọ. Ilé ńlá ni, olókùúta. Ọmọ ọmọ Ìyáàfin Lorrimer ló ń gbé ibẹ̀, ìyá arúgbó tí kò lọ́kọ, ó sì máa ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò lọ́jọ́ Sunday kí wọ́n lè wo ohun àtijọ́. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì. Èmi, ọmọ Harkaman Rai, èmi ni mo wá di àlejò tó ń tẹ̀ lé ẹni tó ń júwe nǹkan. Yàrá ayò. Ilé ìdáná. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ fìlà fún wọn.

Yàrá kan wà tí wọ́n pè ní ti Darjeeling. Kúkúrì, ọ̀bẹ wa, wà lára ògiri, wọ́n gbé e kọ́ ní ìdoríkodò. Àpótí onígíláàsì kan wà níbẹ̀. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ni ìdè ọrùn ajá, awọ pupa, tí wọ́n fi fàdákà kọ "Pansy" sí. Mo sọ fún ìyá náà ibi tí mo ti wá. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ṣé òkúta Pansy ṣì wà? Mo ní ó wà. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó se tíì fún mi, tíì tí kò dáa, ó sì gbé ìwé ìrántí ìyá bàbá rẹ̀ wá fún mi láti kà. Ó ṣe ẹ̀dà ojú ewé tí mo fẹ́ fún mi. Ó wà nínú àpòòwé yìí. N ó túmọ̀ ẹ̀ fún yín, mi ò yọ ohunkóhun, mi ò fi kún un.

"Òjò kò dá. Òkè ya lánàá. Pansy mi ti kú." Lẹ́yìn náà, Ama, ojú ewé gbáko nípa ajá. Bí etí rẹ̀ òsì ṣe rí. Bó ṣe máa ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ ní àárọ̀. Bí obìnrin náà ṣe sunkún, tí ọkọ rẹ̀ ṣèlérí òkúta fún un. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ìwé ti fẹ́ tán, ó kọ ọ́ pé: "Aláàárù méjì gbé mi gòkè, wọ́n ń gbà mí lọ́wọ́ ara wọn. Fìlà búlúù mi ti bàjẹ́."

Ó parí. Ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ fìlà ló tún kọ.

Méjì, Ama. Ìdí tí mo fi fẹ́ jó o nìyẹn. Ẹ ní kí n mú ohun tí ẹ máa fi gún Mitba lójú wá, èyí tí mo rí sì máa gún ẹ̀yin náà. Bàbá bàbá bàbá mi gbé e. Ti Mitba náà gbé e. Kò sẹ́ni tó sá. Kí ló wá dé tí ẹnì kankan nínú wọn ò dárúkọ ẹnìkejì fún ọmọ rẹ̀? Mo ti rò ó títí, mi ò rí ìdí.

Ẹ rántí pé mo sọ fún yín pé kò sógo níbẹ̀. Mo dúró nínú yàrá yẹn, mo wo orúkọ ajá tí wọ́n fi fàdákà kọ, inú bí mi débi pé mo gbé ife tíì wọn kalẹ̀ kí n má baà fọ́ ọ. Mo fẹ́ gbẹ̀san, Ama. Mi ò mọ ẹni tí n ó gbà á lára rẹ̀. Ìyá arúgbó yẹn fún mi ní bisikíìtì, ó sì bá mi dé ibùdókọ̀ pẹ̀lú agboòrùn. Nígbà tí bọ́ọ̀sì dé, ó juwọ́ sí mi, ó ní, "Ó dàbọ̀, ẹni ọ̀wọ́n." Kò béèrè orúkọ mi.

Ẹ má da ọ̀dà lé orúkọ Ranadhoj, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ yín,
Nirjala.


Darjeeling,
Ọjọ́ ogún, oṣù Kẹrin, 1998.

Nani mi, ọmọ tí mo bí tí mo yọ̀,

Mo kí ọ, mo kí ẹsẹ̀ tó gbé ọ lọ sí Glenorrin. Mo mọ̀ pé wọ́n á júwe fún ọ lọ́jà. Ibi gbogbo làwọn tó ń ta búrẹ́dì ti mọ ilé èèyàn.

Orí ìpele keje ni mo ti ka lẹ́tà rẹ. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo fẹ́ fà á ya. Méjì! Bíi pé wọ́n da omi tútù sí mi lára lówùúrọ̀. Mo tún un kà. Nígbà kẹta tí mo dé orí fìlà búlúù, mo bú sẹ́kún, ẹkún ìbínú, tí abẹ́rẹ́ súwẹ́tà jábọ́ sínú ọ̀gbun.

Bẹ́ẹ̀ ni Padamlal ṣe dé pẹ̀lú àwọn àlejò. Ó rí mi tí mò ń sunkún, ó dúró. Mo kọjú sí òkúta, mo ní, "Pansy, ajá ọlọ́lá, sọ fún un pé ọ̀gá rẹ kọ̀wé. Ojú ewé gbáko ló fi kọ nípa etí rẹ. Ìlà kan ló fi kọ nípa bàbá bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá ọkọ mi. Aláàárù méjì. Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn."

Ó ní, "Pansy, bi í léèrè bóyá méjì ló wí lóòótọ́." Mo gbé ìwé náà lé orí òkúta, mo sún sẹ́yìn kó lè mú un. Kò mọ òyìnbó kà dáadáa, ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ ajá. Mo rí i tó ń fi ìka ka iye ìgbà tó wà níbẹ̀. Ó fi àwọn àlejò sílẹ̀ lórí ìdúró, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé rẹ̀, ó gbé àga igi kan wá, èyí tí wọ́n tọ́jú pamọ́ nílé wọn, tí wọ́n ní orí rẹ̀ ni Ranadhoj ti gbé obìnrin náà. Àga tí mo ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ yìí, pé káfíńtà wo ló kàn án fún wọn. Mo lọ sílé, mo mú ọ̀já orí lára ògiri.

Nirjala, ọ̀já náà wọ inú ihò àga náà. Ibi tó ti jẹ igi, ibẹ̀ náà ni igi ti jẹ ẹ́. Àwa méjèèjì dúró, àga wà láàárín. Àlejò kan ní kí a jẹ́ kóun ya fọ́tò. Mo wò ó, ó gbé kámẹ́rà sílẹ̀.

O ní o ò mọ ìdí tí ẹnìkan ò fi dárúkọ ẹnìkejì. O ti pẹ́ lẹ́yìn odi, ọmọ mi. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ dá a? Ọjọ́ yẹn ni wọ́n di mit! Ta ló ń jọ ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nínú ẹrẹ̀ tí kò ní í di mit ara wọn? Láti ọjọ́ náà, orúkọ ẹnìkejì di èèwọ̀ lẹ́nu ẹnìkìíní. Sancharman á sọ ìtàn fún ọmọ rẹ̀, á ní, "Mo gbé e, mit-jyu wà níbẹ̀." Ranadhoj náà á ní, "Mo gbé e, mit-jyu wà níbẹ̀." Àwọn ọmọ ò béèrè ohun tí mit-jyu ń ṣe níbẹ̀. Lójú tiwa, ó ń wòran. Lójú tiwọn, ó sá. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n bù fún ara wọn la fi ń pe ara wa ní òpùrọ́. Bàbá rẹ gbé orúkọ òpùrọ́ yẹn lọ sílé ikú.

Padamlal jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, ó ní, "Pansy, mo pe mit mi ní òpùrọ́." Lọ́jọ́ kejì ó ti fá orí kodoro, ọdún kan lẹ́yìn àsìkò. Kò jẹ iyọ̀ fún ọjọ́ mẹ́tàlá. Orí rẹ̀ rí págunpàgun bí ọ̀dùnkún, inú mi dùn láti wò ó. Mi ò tíì dárí jì í tán o. Mo fi díẹ̀ pamọ́ fún ìgbà òtútù. Ṣùgbọ́n mo sún sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí ìpele keje, ó ń kọjá.

Ní ti ẹ̀san tó o ní o ò mọ ẹni tí o ó gbà á lára rẹ̀: ìwọ ni o ò mọ̀. Èmi mọ̀. Èmi àti orí págunpàgun lọ bá Subba ní ọ́fíìsì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga nígbà tó rí wa pọ̀. A gbé ìwé síwájú rẹ̀, àga àti ọ̀já. Ó kà á, ó mí kanlẹ̀. Bàbá bàbá tirẹ̀ náà, alásè ló jẹ́ ní Fernlea, orúkọ rẹ̀ ò sí níbì kankan. Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ kí n kọ?" A sọ fún un.

Ọ̀dà dúdú tí mo rà ò ṣòfò. Òun ni akunlé fi kọ lẹ́tà tó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n ṣí pátákó náà ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn ọmọ iléèwé kọrin, Padamlal wọ kóòtù, èmi wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, mo ti bọ́ funfun. Ohun tó wà lára rẹ̀ nìyí: "Ní ọdún tí òkè ya, Sancharman Rai, ọmọ Bhaktaraj, àti Ranadhoj Chhetri, ọmọ Kehardhoj, gba àtẹ̀gùn yìí gbé obìnrin òyìnbó kan gòkè."

Akunlé yọjú sí mi kó tó parí, ó ní, "Ìyá, obìnrin òyìnbó wo? Ẹ ò ní í fi orúkọ rẹ̀ sí i?" Mo wo pátákó náà dáadáa. Mo ní, "Àyè ò sí mọ́." Àyè wà, àyè tó tó fún ẹṣin méjì wà nísàlẹ̀. Ó funfun gbòò, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

A ò fọwọ́ kan òkúta ajá. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, mo ń nù ún. A ò bá ajá jà.

Tèmi sí ọ nìyí: ẹni tó ń pè ọ́ ní "ìwọ yẹn", gbé e dáadáa, má jẹ́ kó ṣubú, ìyá ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n má dá a lóhùn títí á fi sọ ọ́: Nirjala. Ẹnu tó bá lè pe orúkọ ẹyẹ, á lè pe tìrẹ.

Lánàá, mo wà lórí ìpele keje, mò ń hun súwẹ́tà ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ. Padamlal mú àwọn ará Kolkata gòkè. Ó bọ́ fìlà, orí rẹ̀ ń hu irun kéékèèké. Ó sọ ìtàn náà, ó dárúkọ Sancharman, ó dárúkọ Ranadhoj, bàbá wọn àti abúlé wọn. Ìyàwó kan tó gbé ọmọ lọ́wọ́ ka pátákó náà sókè, ó ní, "Obìnrin òyìnbó yìí ńkọ́, bàbá? Kí lorúkọ tiẹ̀?"

Mo dá abẹ́rẹ́ dúró. Padamlal wo òkúta Pansy, ó dé fìlà rẹ̀ padà.

Ó ní, "Màdáámù, wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀."

Ìyá rẹ,
Dhanmati.